Ìbọ̀sẹ̀ Ọlọ́nà fún Ọmọ Tí Mi Ò Ní Lè Wá Wẹ̀

Fọláṣadé mi, Àjíkẹ́ mi,

Ìyá Emeka ọkọ rẹ tí ó fi ìwé yìí lé ọ lọ́wọ́ ti jókòó sínú mọ́tò láti Onitsha dé Jọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì ti wú. Kí o tó kà á síwájú, jọ̀ọ́, bu omi fún un, wá àpótí kékeré sí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí o sì bi í bóyá ó ti jẹun. Á ní òun ti jẹun. Irọ́ ni, fún un lóúnjẹ. Lẹ́yìn náà, kí o wọ yàrá lọ, kí o jókòó dáadáa nítorí ikùn tó wà níwájú rẹ yẹn, kí o wá máa ka èyí tó kù. Mo mọ̀ pé o máa ń ka Yorùbá bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Máa ṣà á díẹ̀díẹ̀, mi ò lé ọ. Òun ní tirẹ̀ kò lè ka Yorùbá rárá, nítorí náà ohun tí mo kọ síbí, àárín èmi àti ìwọ ni.

Mo mọ̀ pé inú rẹ kò dùn sí i. Mo bí ọ, mo mọ bí o ṣe máa ń fún ètè pọ̀. Ìwọ lo sọ fún mi lórí fóònù pé, "Màmá, bí ẹ̀yin ò bá wá, kí ẹnikẹ́ni má wá. Mo lè dá wẹ ọmọ mi." Láti ìgbà náà, bí mo bá pè ọ́, tí mo bá ti dárúkọ Mama Emeka báyìí, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì á ṣàdédé lọ. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Jọ́ọ̀sì yín yìí gbọ́n o, ó mọ ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Lẹ́tà kò ní ibi tí èèyàn ń tẹ̀ kó kú.

Mi ò lè wá, Ṣadé. Jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí a yé máa fi yí ara wa po. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú bàbá rẹ lápá òsì, kò lè dá dìde lórí ibùsùn. Èmi ni mò ń gbé e jókòó, èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Bí ẹlòmíràn bá fẹ́ ṣe é, á pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Túndé àbúrò rẹ nìkan ni ó ń gbà fún, ìyẹn náà, ọjọ́ Sátidé tí kò bá níṣẹ́ ni. Ó rẹ̀ mí, ọmọ mi. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí èèyàn ń sùn tán. Bí mo bá jókòó sídìí maṣíìnì ní ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà á máa sọ bí òun ṣe fẹ́ kí ọrùn aṣọ rí, n ó máa dáhùn, àmọ́ mi ò gbọ́ nǹkan tí ó ń sọ. Àná, mo rán apá aṣọ kan mọ́ ibi tí ó yẹ kí orí gbà wọlé.

O wá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé òtútù ibẹ̀ kò dára, kí n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ hun ìbọ̀sẹ̀ ọlọ́nà, irú èyí tí mo hun fún ọ ní kékeré. Mo ka ọ̀rọ̀ náà, mo sunkún. O ń bínú sí mi, síbẹ̀ o ṣì fẹ́ kí nǹkan ti ọwọ́ mi wà lẹ́sẹ̀ ọmọ rẹ. N ó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ́ ọ ni n ó máa bá ọ sọ ọ̀rọ̀ kejì, nítorí mi ò lágbára láti kọ lẹ́tà méjì.

Èkíní: má ṣe fi ọnà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá bàbá rẹ dé Onitsha níyàwó, mi ò gbọ́ Ìgbò ju "bịa", ìyẹn "wá", lọ. Obìnrin kan wà ní Nkpor lẹ́gbẹ̀ẹ́ Onitsha nígbà náà, Mama Nkechi, tí ó máa ń kọ́ àwọn obìnrin ní híhun lójúlé rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo rí ìbọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi òwú pupa hun ọnà sára funfun, mo ní èyí ni mo fẹ́. Ó ní, "Hun funfun lásán fún mi ná." Inú bí mi. Ẹ̀yin ará, ṣé torí funfun lásán ni mo ṣe wọkọ̀? Mo ra òwú pupa àti funfun, mo dá a hun nílé, ó sì jáde bí asẹ́. Mo tún fi ìgboyà gbé e lọ hàn án. Kò bú mi. Ó kàn mú etí òwú, ó fà á, gbogbo rẹ̀ sì tú sí mi lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Ehen. Ó yá, bẹ̀rẹ̀."

Nítorí náà, ra abẹ́rẹ́ ìhunṣọ kéékèèké tí ó mú lẹ́nu méjèèjì, kó jẹ́ mẹ́rin. Pín ojú òwú sórí mẹ́ta, kí o fi ìkẹrin máa hun ún yípo, yípo, láìdúró. Níbi ọrùn ẹsẹ̀, hun ojú kan síwájú, kí o hun èkejì sẹ́yìn, kí ó lè máa fà bí ẹsẹ̀ bá ń wọlé. Hun òwú aláwọ̀ kan títí ọwọ́ rẹ á fi mọ̀ ọ́n láìwò ó, kí o tó fi àwọ̀ kejì kún un.

Ilé ọkọ náà rí bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ pé ọbẹ̀ Yorùbá àti ti Ìgbò lo ń sè papọ̀ lójúmọ́, o ń lọ síbi iṣẹ́, o sì ń fi ikùn yẹn gun àga láti ta kọ́tìn yàrá ọmọ. Ta ni ó ń wò ọ́? A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Sọ̀kalẹ̀ lórí àga, jọ̀ọ́.

Èkejì: má fún òwú ẹ̀yìn. Bí o bá ń fi àwọ̀ méjì hun ọnà, ọ̀kan á máa ṣiṣẹ́ níwájú, èkejì á máa sinmi lẹ́yìn títí yóò fi kàn án. Èmi máa ń fa èyí tó ń sinmi yẹn le dan-in, nítorí mi ò fẹ́ kí nǹkan kan dẹ̀. Ojú rẹ̀ níta wá ń dán bí ẹni pé ọjà ni mo ti rà á. Bàbá rẹ ni mo hun ún fún. Ó wọ ọ́, ó dé gìgísẹ̀, ó há. Ó sùn sẹ́yìn lórí ibùsùn, ó na ẹsẹ̀ sókè, ó ní, "Ìyàwó mi, ìbọ̀sẹ̀ yìí dára púpọ̀. Ó kù kí o lọ bá mi wá ẹni tí kò ní gìgísẹ̀ tí a máa fún." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo tún rán an létí ìtàn yẹn nígbà tí mò ń kọ èyí, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo gbàgbé pé ó rẹ̀ mí fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Bí o bá ti hun ojú díẹ̀, fi ìka tẹ́ wọn kí wọ́n fẹ̀ lórí abẹ́rẹ́, kí o tó fa òwú tó wà lẹ́yìn kọjá. Fi í sílẹ̀ kó mí. Ibi tí mo ń bá ọ̀rọ̀ yìí lọ, o mọ̀ ọ́n. Má fún Emeka lọ́rùn láàárín ìwọ àti ìyá rẹ̀. Ọmọkùnrin náà pè mí, ó ní, "Mummy, I no know who I go talk to first for this matter." Ohùn rẹ̀ dàbí ti ẹni tí ó ti pẹ́ tí kò sùn. Òun náà ní gìgísẹ̀, Ṣadé. Jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé.

Ẹ̀kẹta yìí ni kí o kà lẹ́ẹ̀mejì. O kò tíì máa rìn nígbà náà, ọyẹ́ sì mú, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ ọlọ́nà fún ọ. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, o bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo fún ọ lọ́mú, o kọ̀. Mo pọ̀n ọ́, o tún kọ̀. Bàbá rẹ gbé ọ káàkiri àgbàlá títí apá fi ro ó. Mo ti ń wá bàtà mi kí a gbé ọ lọ sí ọsibítù nígbà tí obìnrin kan tó ń se ìrẹsì tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa wọlé wá, ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù fún omi. Ó tẹ́ ọ sílẹ̀, ó bọ́ gbogbo aṣọ ara rẹ, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Òwú kan tó gùn jù lẹ́yìn ọnà yẹn ti wé mọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ, ìka náà sì ti ń dúdú. Ó fi eyín já òwú náà. Kò pẹ́ tí o fi sùn, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì ọ́.

Mo ti ń wò ọ́ láti ọ̀sán, Ṣadé. Mo wo ojú rẹ, mo wo ikùn rẹ, mo wo etí rẹ. Mi ò wo inú ìbọ̀sẹ̀, nítorí èmi ni mo hun ún.

Nítorí náà, má jẹ́ kí òwú ẹ̀yìn kọjá ojú mẹ́ta láì fi èkejì lọ́ ọ mọ́lẹ̀. Yí inú ìbọ̀sẹ̀ síta, fi ìka rẹ wá inú rẹ̀ ká kí o tó wọ̀ ọ́ fún ọmọ, ní gbogbo ìgbà. Kí o sì gbọ́ èyí tó wà nínú rẹ̀. O ní o lè dá wẹ ọmọ rẹ. O lè dá wẹ̀ ẹ́, mi ò jiyàn, èmi náà mọ ọmọ í wẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àmọ́ ó máa ń rẹ ojú abiyamọ tuntun. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó ní láti jẹ́ pé àgbà kan wà nínú ilé yẹn, tí ojú rẹ̀ yàtọ̀ sí tìrẹ. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ní gbogbo ìgbà tí mo bá jókòó ti bàbá rẹ nìyí: pé ìwọ á wà pẹ̀lú ọmọ tó ń ké, Emeka á ti lọ síbi iṣẹ́, kò sì ní sí ẹni tí yóò bọ́ ìbọ̀sẹ̀.

Mi ò mọ ìkelòó tí mo kà dé mọ́. Jẹ́ kí a sọ ti Mama Emeka.

Ọjọ́ tí Emeka kọ́kọ́ mú ọ lọ sí ìlú wọn ní Oba, èmi ni mo ní kí o kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀. O sọ fún mi pé, "Màmá, wọn kì í kúnlẹ̀ níbẹ̀." Ìwọ tí wọ́n bí síbí mọ̀, èmi ni mo ní ọmọ tí a kọ́ nílé kì í béèrè bóyá wọ́n ń kúnlẹ̀ níbi tí ó ń lọ. O wọlé, o fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ lójú àwọn àbúrò ọkọ rẹ. Obìnrin náà fò dìde, ó pariwo, "Bilie ọtọ! Gịnị ka i mere?" Dìde, kí lo ṣe? Gbogbo ilé sì fi ẹ̀rín sí i. O padà wálé, o ní ó ṣe ọ́ bí olè. Láti ọjọ́ náà, bí Emeka kò bá tẹ̀lé ọ, o kì í dé Oba, bí o bá sì débẹ̀, ẹnu ọ̀nà lo máa ń jókòó sí.

Ní Sátidé kan tí Túndé wà nílé, mo wọkọ̀ lọ síbẹ̀. Mo mú òwú àti abẹ́rẹ́ dání kó lè dàbí pé mo kàn yà. Mo bá a níbi tí ó ti ń ja ewúro. Nígbà tí a kí ara wa tán, mo fi Ìgbò pè é ní àna mi, mo ní, "Ọgọ m, ọmọ mi ò tíì gbàgbé ọjọ́ tí ó kúnlẹ̀ fún yín o."

Ó ní, "Which day be that?"

Mo ṣàlàyé. Ó gbé ewúro sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. "Chai! My sister, na fear catch me that day." Ó ní nígbà tí o wọlé, ìwọ nìkan lòun rí. Emeka ṣì wà níta, ó ń wá ibi tí yóò gbé mọ́tò sí. Òun gbọ́ ìró mọ́tò, òun ò rí ọmọ òun, òun kàn rí ọmọbìnrin kan tí ó wọlé, tí ó sì wó lulẹ̀ lórí orúnkún. Ojú ọ̀nà ni bàbá Emeka kú sí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó mú ìròyìn náà wá, orí ìkúnlẹ̀ ló ti sọ ọ́, nínú pálọ̀ yẹn kan náà. "I think say you people kill my pikin for road," bẹ́ẹ̀ ló wí. Emeka wọlé lẹ́yìn náà, ó ń mi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, òun bú sẹ́rìn-ín nítorí ara tó tu òun, àwọn ọmọ sì bá òun rẹ́rìn-ín láìmọ ìdí.

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún un?"

"She no ask me. She just dey greet me from door." Ó tún mú ewúro rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Nobody don ever kneel greet me before. If she do am again, wetin I go answer?"

Mo kọ́ ọ ní èsì, pé kó fọwọ́ kàn ọ́ léjìká, kó ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi." Ó ń sọ ọ́, ó ń ṣì í sọ, èmi ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń sunkún díẹ̀. Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó lọ tọ́jú ìwọ àti ọmọ dípò mi. Ó kọ̀. Ní ọ̀dọ̀ wọn, ìyá ìyàwó ló ni ọmụgwọ, òun ló ń lọ jókòó ti ọmọ rẹ̀ tó bímọ. Ó ní àwọn èèyàn á sọ pé òun já ọmụgwọ gbà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Mo ní kò já a gbà, èmi ni mo gbé e fún un. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ìgbà yẹn ló tó gbà. Mo sọ ọ́ bí ẹni pé ó rọrùn. Kò rọrùn o, Àjíkẹ́. Láti ọjọ́ tí o ti ní oyún ni mo ti ń ronú bí n ó ṣe kọ́kọ́ gbọ́ òórùn orí ọmọ yẹn. Ó dùn mí dé egungun.

Nínú àpò rẹ̀, wàá rí òwú àti ìbọ̀sẹ̀ kan tí mo hun dé gìgísẹ̀. Ìka mi ti ń le, mi ò lè tẹ̀ síwájú. Bí wọ́n ṣe ń yí gìgísẹ̀ nìyí: fi ìdajì ojú òwú sílẹ̀ kó sinmi, kí o máa hun ìdajì kejì ní àlọ àti àbọ̀, títí yóò fi gùn tó láti gba gìgísẹ̀ ọmọ. Lẹ́yìn náà, máa so ojú méjì pọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wá sí àárín, yóò sì tẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣa ojú òwú ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sórí abẹ́rẹ́, kí o tún padà sí yíyípo. Kò sí ọnà lójú gìgísẹ̀. Fi funfun síbẹ̀, ibẹ̀ ló ń tètè gbó. Bí o bá hun ẹsẹ̀ kan tán, bẹ̀rẹ̀ èkejì lọ́jọ́ náà gan-an. Bí o bá jẹ́ kó pẹ́, ọwọ́ rẹ á ti yí padà, ọ̀kan á sì tóbi ju ọ̀kan lọ. Mo gbìyànjú láti kọ́ Mama Emeka, àmọ́ ó ń di abẹ́rẹ́ mú bí ẹni tó pa ejò tí kò sì dá a lójú pé ó ti kú. Kọ́ ọ, sùúrù ni kí o fi kọ́ ọ.

Ó máa ń hanrun. Á fi utazi, ewé kíkorò kan, sí gbogbo ọbẹ̀ rẹ, mu ún, inú rẹ á mọ́. Á mú omi ìwẹ̀ ọmọ gbóná ju bí o ṣe fẹ́ lọ, ibẹ̀ yẹn ni kí o ti la ẹnu rẹ, kí o fi ọ̀wọ̀ sọ pé, "Mama, ó gbóná." Máa sọ fún un. Bí ó bá ṣe nǹkan tí ó dùn ọ́, bi í léèrè lọ́jọ́ náà, má gbé e wá fún mi ní Onitsha. Bí ó bá sọ ọmọ lórúkọ Ìgbò, dáhùn. Èmi náà ti ní orúkọ tí mo fẹ́ sọ ọ́, bàbá rẹ ti mọ̀ ọ́n, a ó fi ránṣẹ́.

Ó ku ẹyọ kan. Nígbà tí ìrọbí bá dé, mo mọ̀ pé fóònù ni ọwọ́ rẹ á kọ́kọ́ na sí, èmi lo sì máa fẹ́ pè. Má pè mí. Láti ibí, kí ni mo lè ṣe ju kí n máa pariwo lọ? Pe ẹni tó wà ní yàrá kejì. Pè é ní Màmá, kí o pè é sókè, kó lè gbọ́ láàárín oorun. Bí ọmọ bá ti dé, tí wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, tí o ti sùn, tí o sì ti jí, tí kò sí nǹkan tí o tún ń ṣe, kí o wá pè mí. Mo ti sọ fún bàbá rẹ pé a ó dúró.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.